Ta Ní Ń Lé Tísà?

"Àgbàlagbà kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, a jẹ́ pé ejò ni ó ń lé e." Òwe yìí ni àwọn àgbà Àgọ́ Aláyè fi ń kí mi láàárọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn ọmọdé tí ń lọ pọn omi kò tilẹ̀ dúró pa òwe. Wọn a sọ ike omi kalẹ̀, wọn a pariwo pé, "Tísà! Ta ní ń lé yín?" Àwọn ìyá wọn a kí mi pé, "Ẹ kú eré o, Bàbá," ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọjá tán, ẹ̀rín ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò bínú sí wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, irùngbọ̀n mi ti funfun, mo sì wọ ṣòkòtò péńpé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí èmi fúnra mi bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú títì ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, n ó bèèrè ohun tí ó ń lé e. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé lónìí, kí n lè dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ náà, kí n sì jẹ́wọ́ ohun ìtìjú kan tí mo ṣe. Mo gbà pé yóò wúlò fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tàbí tí bàbá àti ìyá yín ti lé ní ọgọ́ta.

Eré àkọ́kọ́ tí mo rántí pé mo sá láyé mi, ìbọn ni ó lé mi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní kọjá tí wọ́n sì dé Orè, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ dá wọn dúró níbẹ̀. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń sọ lẹ́nu títí di òní pé, "Ó le kú, ìjà Orè!" Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bàbá mi gbé àbúrò mi kọ́ èjìká, ìyá mi di ẹrù lé orí, a sì sáré wọ inú oko kòkó, a kò dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. A kò ka ìṣísẹ̀ wa ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ìbọn ń lé kì í wo aago.

Eré kejì ni èyí tí àwọn ọmọdé ń bèèrè. Ní ọdún 2021, mo sin ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nítorí ojú tí ń dùn ún. Bí a ti jókòó tí a ń dúró de dókítà, nọ́ọ̀sì kan wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ tiyín náà wò." Mo ní kò sí ohun tí ó ń ṣe mí. Ó ní òun mọ̀, kí n na apá. Nígbà tí ẹ̀rọ náà fún apá mi tán, ó kọ 168 lórí 102. Nọ́ọ̀sì náà ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹni tí tirẹ̀ bá ń dé 140 lórí 90 léraléra ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Nínú àwa mẹ́rin tí a jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí a sì jọ ń ṣe ọ̀rẹ́ títí di ọjọ́ ogbó, ọ̀kan ti kú lójijì, ọ̀kan sì ti wà lórí ibùsùn láti ọdún méjì, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn náà ti sọ pé kò sí ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ejò tí ń lé Tísà nìyẹn. Inú ẹ̀jẹ̀ Tísà ni ó wà, kì í sì í hó kí ó tó bunijẹ.

Dókítà fún mi ní oògùn, ó kìlọ̀ nípa iyọ̀, ó sì ní kí n máa rìn. Mo bi í pé báwo ni ìrìn náà yóò ti pọ̀ tó. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, sọ pé kí àgbàlagbà máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ó sáré fún ìṣẹ́jú 75 bí ara rẹ̀ bá gbà á. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ti lé ní ọdún 65 tún máa ṣe eré ìdárayá tí ń mú iṣan le, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ṣubú, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìdúró: ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́ ní ọjọ́ márùn-ún ni 150. Mo ní, "Èyí kò ju ohun tí mo lè ṣe lọ."

N kò lọ sí ojú títì ńlá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ agbègbè Orè mọ̀ pé ọ̀nà tí ó gba ibẹ̀ láti Ṣàgámù lọ sí Bìní kì í ṣe ibi ìdárayá. Tírélà ń kọjá tọ̀sán tòru, ẹni tí ó gbé gẹdú kò sì lè tẹ bíréékì nítorí arúgbó tí ń mí hẹlẹhẹlẹ. Pápá ilé ìwé ni mo lọ. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n yí ká, ó jẹ́ mítà 250, ìyẹn ni pé bí mo bá yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ti lọ kìlómítà kan.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi rìn lásán. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré díẹ̀ là á: mo rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, mo tún rìn fún mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣe èyí. Ìyókù, mo ń rìn tàbí mo ń sinmi. Dókítà kọ́ mi ní ọ̀nà kan tí ènìyàn fi lè mọ̀ bí eré bá ti pọ̀ jù, tí kò gba aago, tí kò gba owó. Ó ní bí ẹni tí ń sáré bá lè sọ̀rọ̀, eré náà dára. Bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ kí ó tó mí, ó ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ pé ìkíni Yorùbá gùn. Bí mo bá pàdé ìyá arúgbó kan ní ẹ̀bá pápá, tí mo lè sọ pé, "Ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé dáadáa ni ẹ jí? Ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi kí Bàbá o," láìdúró mí, mo mọ̀ pé mo wà lójú ọ̀nà. Bí mo bá kí i pé "Àárọ̀!" tí mo sì kọjá bí ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n rìn.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, n kò lè ṣe ohunkóhun láìkọ ọ́ sílẹ̀. Mo ra ìwé kan, mo fa ìlà sí i bí rẹ́jísítà, mo sì ń kọ iye ìṣẹ́jú tí mo rìn àti iye tí mo sá. Ní ìparí ọdún kan, mo lè sáré fún ìṣẹ́jú ogún láìdúró. Ẹ̀jẹ̀ mi, pẹ̀lú oògùn tí mo ń lò, sọ̀kalẹ̀ sí 138 lórí 86. Àwọn ọmọdé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn kan a tilẹ̀ bá mi sá ìyípo kan kí wọ́n tó lọ pọn omi.

Ibi tí ó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn, bí kì í bá ṣe aago.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe aago lásán. Ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń ka wákàtí tí ènìyàn sùn, ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù. Ọmọ mi so ó pọ̀ mọ́ fóònù tirẹ̀, kí ó lè máa rí i láti òkèèrè pé ara bàbá òun le. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ kàwé, a sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí fóònù, a ń kọ iye ìṣísẹ̀ wa síbẹ̀ ní alaalẹ́. Ẹgbàárùn-ún, èyí ni 10,000, ni aago náà gbé kalẹ̀ fún mi pé kí n máa dé. Ọ̀kan nínú wa ń kọ 10,000 lójoojúmọ́, kò yẹ̀ rárá. Èmi ń kọ 6,000, nígbà mìíràn 5,500.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlara kò mọ àgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tijú láti kọ tèmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aago fi hàn pé ó ku 3,000 kí n tó pé ẹgbàárùn-ún, orúnkún sì ń dùn mí. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́wàá, ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé. Mo pè é, mo so aago náà mọ́ ọn lọ́wọ́, mo ní, "Máa bá bọ́ọ̀lù rẹ lọ." Lálẹ́, mo kọ 11,350. Àwọn ẹgbẹ́ mi kí mi kú oríire. Mo dáhùn pé, "Ọlọ́run ni ó ṣe é." Ẹ wo bí mo ti ki orúkọ Ọlọ́run bọ inú irọ́.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní òwúrọ̀ tí ó tẹ̀lé ẹ̀kẹrin, fóònù dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ mi ni. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín yá? Aago ní ìlù ọkàn yín dé 196 ní ìrọ̀lẹ́ àná. N kò sùn láti ìgbà tí mo ti rí i."

Kí ẹ lè mọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Bí ọkàn ènìyàn ṣe lè sáré tó, ọjọ́ orí ń dín in kù. Ìṣirò àtijọ́ ni pé kí a mú ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Ìṣirò mìíràn tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2001 ni pé kí a mú ìdá méje nínú mẹ́wàá ọjọ́ orí kúrò nínú 208. Ẹni ọdún 65 ni mí. Ti àkọ́kọ́ fún mi ní 155, ti èkejì fún mi ní nǹkan bí 162. Ìfojúbù ni méjèèjì, ènìyàn sì yàtọ̀ sí ara wọn, ṣùgbọ́n 196 jìnnà sí mi púpọ̀. Ọkàn ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó lè lù bẹ́ẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù tí kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Aago náà kò mọ ẹni tí ó so ó, ṣùgbọ́n ọkàn kò lè purọ́ ọjọ́ orí.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. N kò jẹ́wọ́. Mo sọ fún ọmọ mi pé aago náà ni ó ń ṣìnà. Ó dákẹ́, ó ní, "Ó dáa, Bàbá mi." Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́.

Ìtìjú náà ni ó mú mi búra pé ní ọjọ́ náà gan-an, ẹsẹ̀ èmi fúnra mi ni yóò pé ẹgbàárùn-ún. N kò tètè jáde, nígbà tí n ó fi jáde oòrùn ti mú, oṣù kejì ni, ọ̀gbẹlẹ̀ sì le. Mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, èyí tí ń mú kí n tọ̀ púpọ̀, n kò sì mu omi lé e. Pápá kò tó mi mọ́, mo jáde sí ẹ̀bá títì. Ó kọjá 7,000 nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo ní kí n ṣáà ti dé ìdí igi tí ó wà níwájú yẹn. N kò dé ibẹ̀. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀ lẹ́bàá kòtò, ariwo tírélà ń kọjá lórí mi, ìyá oníbọ̀ọ̀lì kan sì ń da omi sí mi lórí tí ó ń pe Jésù. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi sórí ọ̀kadà, aago náà gbọ̀n ní ọwọ́ mi. Ó ń rán mi létí pé ó ku díẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ mi tí ń ga tẹ́lẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sí 94 lórí 58. Omi ti tán lára mi. Wọ́n fa omi sí mi títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n ní mo ṣe oríire. Ìyàwó mi jókòó tì mí láti ọ̀sán, kò sọ̀rọ̀. Mo retí kí ó bú mi. Bí ó bá bú mi, ì bá sàn.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a ti délé, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú ìwé àwìn rẹ̀ jáde. Gaàrí àti epo pupa ni ìyàwó mi ń tà ní ọjà Orè, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣí ìwé náà síwájú mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Níbí yìí, epo dà lójú ọ̀nà, mo kọ ọ́. Níbí yìí, oníbàárà kan kó ọjà lọ, kò padà wá, mo kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, n kò tà rárá, mo kọ òdo. Bí mo bá ń kọ èrè nìkan, inú mi yóò máa dùn títí di ọjọ́ tí n ó na ọwọ́ sínú àpò tí n kò ní bá owó. Ẹ̀yin ń kọ èrè tí ẹ kò jẹ. Àná ni ẹ na ọwọ́ sínú àpò."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kò sí ẹni tí ó kọ́ mi ní ìṣirò bí obìnrin yìí ní ọjọ́ náà. Mo pe ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo jẹ́wọ́. Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá mi, kì í ṣe ẹgbàárùn-ún ni mo fẹ́ rí. Mo kàn fẹ́ rí i pé ẹ jí."

Òun náà ni ó wá sọ ìtàn ẹgbàárùn-ún yẹn fún mi. Kì í ṣe dókítà ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1965, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe eré Òlíńpíìkì ní Tokyo, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Japan ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí láti ka ìṣísẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní manpo-kei, èyí tí ó túmọ̀ sí òǹkà ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni, bí a ti ń fún ọṣẹ ní orúkọ kí ó lè tà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard wá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, tí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2019, wọ́n ti tẹ̀lé obìnrin tí ó lé ní 16,000 ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 72. Àwọn tí ń rin 4,400 lóòjọ́ kò kú tó àwọn tí ń rin 2,700. Bí ìṣísẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni ikú ń dín kù, títí ó fi dé nǹkan bí 7,500. Lẹ́yìn èyí, àfikún kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá. Ẹ̀yin òǹkàwé, 6,000 tí mo ń tijú láti kọ kò burú rárá.

Ní ọjọ́ ọjà kan lẹ́yìn náà, mo so aago náà mọ́ ọwọ́ ìyàwó mi bí eré bí àwàdà. Nígbà tí ó dé ní ìrọ̀lẹ́, a wò ó: 11,240. Kò sáré, kò wọ bàtà kánfáàsì, kò sì lọ sí pápá. Ó ń gbé àpò gaàrí síbí, ó ń lé onígbèsè lọ sọ́hùn-ún. Ó wo aago náà, ó wò mí, ó ní, "Ṣé ohun tí ẹ torí rẹ̀ ṣubú nìyí?" Ṣùgbọ́n kí oníṣòwò má ṣe tìtorí èyí gbéra ga. Ẹni tí ó bá jókòó sẹ́nu ọjà láti àárọ̀ di alẹ́ tí ọmọ ń bá a gbé ọjà, ìṣísẹ̀ onítọ̀hún kò pọ̀. Ẹ dìde.

Kì í ṣe pé arúgbó kò lè sáré púpọ̀ o. Ọkùnrin kan wà ní Kánádà, Ed Whitlock ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2003, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 72, ó sá máràtọ́ọ̀nù, èyí tí í ṣe kìlómítà 42 àti díẹ̀, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 59. Kò sí ẹni tí ó ti pé àádọ́rin ọdún tí ó ti sá a ní abẹ́ wákàtí mẹ́ta rí kí ó tó dé orí rẹ̀. Inú itẹ́ òkú tí ó wà nítòsí ilé rẹ̀ ni ó ti ń sá ìgbaradì rẹ̀, yíyí ni ó ń yí ibẹ̀ ká fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ Àgọ́ Aláyè ni, a bá ti pe ìpàdé lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n rẹ̀: ibẹ̀ kò sí mọ́tò, kò sì sí ẹni tí yóò bá a díje. Ó kú ní ọdún 2017, ẹni ọdún 86.

Fauja Singh, ọmọ ilẹ̀ Índíà tí ó gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sá máràtọ́ọ̀nù rí títí ó fi di ẹni ọdún 89, ní ọdún 2000. Ní ọdún 2011, a gbọ́ pé ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì parí ti Toronto ní wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àwọn tí ń kọ ìwé ohun àrà àgbáyé, Guinness, kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ọjọ́ orí tí èmi náà ń lò, kóòtù ni mo ti lọ búra fún un. Ọkùnrin yìí kò kú sí eré. Ní oṣù keje ọdún 2025, mọ́tò ni ó gbá a nígbà tí ó ń sọdá títì nítòsí abúlé rẹ̀ ní Índíà. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rántí tírélà tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá oníbọ̀ọ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ti ń kọ ìwé mi báyìí, bóyá ẹnìkan yóò mú nínú rẹ̀. Bí mo bá ti jí, kí n tó dìde, mo ń fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, mo ń ka ìlù ọkàn fún ìdajì ìṣẹ́jú, mo sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tèmi máa ń jẹ́ nǹkan bí 62. Bí ó bá fi mẹ́wàá lé e, ara ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: bóyá n kò sùn, bóyá ibà ń bọ̀. Mo kọ ọ́, mo sì sinmi. Mo ń kọ iye ìṣẹ́jú tí mo rìn àti èyí tí mo sá. Mo ń kọ bóyá mo lè kí ènìyàn ní kíkún. Mo ń kọ ibi tí ó ń dùn mí. Ní ọjọ́ Sátidé, mo ń jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní apá kan náà, mo sì ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo ń dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìfi ọwọ́ tì í, mo sì ń fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́bàá ògiri. Aago ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni mo sọ ọ́ dà. Kì í ṣe ọ̀gá mi mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bi í nípa oògùn yín pẹ̀lú, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ń dín ìlù ọkàn kù, tí ìṣirò 220 kò sì ní bá ẹni tí ń lò ó mu rárá. Bí àyà bá ń fún yín, tí òòyì bá kọ́ yín, tàbí tí èémí kò bá délẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé ìdí igi kan.

Mo ti di ẹni ọdún 67. Ẹ̀jẹ̀ mi ní Sátidé tí ó kọjá jẹ́ 132 lórí 82. Mo ṣì ń lo oògùn mi, eré kò gba ipò rẹ̀. Mo lè sá ìyípo ogún ní pápá, èyí ni kìlómítà márùn-ún, ní ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Mo ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi tí ó wà lórí ibùsùn ní ọjọ́ Àìkú, mo sì ń ka ìwé mi sí i létí. Òun ni ó máa ń bèèrè pé kí n má fo ọjọ́ tí mo kọ òdo. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń mọ̀ pé òótọ́ ni ìyókù.

Lónìí, orúnkún òsì ń dùn mí, n kò sì sáré. Mo jókòó síwájú ilé nígbà tí àwọn ọmọdé ń kọjá lọ sí ibi omi. Wọn kò bèèrè ẹni tí ń lé mi mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ káàárọ̀, Tísà. Mélòó ni tòní?"

Mo ní, "Òdo."

Ó ní, "Ẹ kú ìsinmi o, Tísà," ó sì gbé ike rẹ̀ lọ.

Kí Olódùmarè fún gbogbo wa ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà láti lò ó.